Ẹ ríṣẹ́ sókè òkun láti Ìkòròdú: ilé England àti ti Jámánì, èwo ló rọrùn gbà?

Ẹ̀yin tí físà yín ti jáde tàbí tó ku díẹ̀ kó jáde, tẹ́ ẹ ṣì wà ní Ìkòròdú níbí tẹ́ ẹ ń fi fóònù wá ilé tẹ́ ẹ máa gbé fún ọdún kan sí méjì, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí fún. Ẹni tó bá ti gbalé rí ní Agric tàbí Ìgbógbó mọ bí tiwa ṣe ń lọ: ẹ máa fún ẹ̀jẹ́ǹtì lówó kó tó mú yín rìn, ẹ máa san ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan (òfin ilé gbígbà ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àmọ́ àwa náà kúkú mọ iye tí wọ́n ń bi wá), ẹ máa wá kó àgírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti kọ́ṣọ̀n lé e lórí. Owó bá ti pé, kọ́kọ́rọ́ ti dọ́wọ́ yín nìyẹn, bí onílé bá tiẹ̀ bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ẹnu lásán lẹ máa fi dá a lóhùn. Lọ́hùn-ún, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó bèèrè owó, ibẹ̀ gan-an ló ti ń há fún ọ̀pọ̀ èèyàn wa.

England

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ lè gba odindi fúláàtì lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ǹtì, irú èyí tẹ́ ẹ ń rí lórí ìkànnì Rightmove àti Zoopla. Ẹ lè gba yàrá kan nínú ilé táwọn mélòó kan jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnì àti bálùwẹ̀ bíi fésì-mí-áfésì-yú, orí ìkànnì SpareRoom ni irú wọn pọ̀ sí. Tàbí kẹ́ ẹ wọ yàrá lọ́dọ̀ ẹni tó fúnra ẹ̀ ń gbé inú ilé yẹn, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì sábà máa ń jẹ́.

Fúláàtì ni òfin dáàbò bò jù, òun náà ló sì ṣòro gbà jù. Láti 2019, ẹ̀jẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ kọmíṣọ̀n tàbí àgírímẹ́ǹtì lọ́wọ́ ayálégbé, onílé ló ń san owó iṣẹ́ ẹ̀. Owó tí wọ́n máa fi bá yín di ilé mú ò gbọdọ̀ ju rẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ kan, dípọ́síìtì náà ò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí rẹ́ǹtì ọdún kan ò bá ti tó £50,000. Ká ní ilé £1,000 lóṣù ni, dípọ́síìtì ẹ̀ ò lè kọjá £1,153. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30, kò gbọdọ̀ wà lápò onílé lásán bí kọ́ṣọ̀n tiwa tó máa ń di ìtàn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó lọ.

Ìdí tó fi ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ́ǹtì máa fẹ́ kí owó iṣẹ́ yín lọ́dún tó ìlọ́po 30 rẹ́ǹtì oṣù kan, ìyẹn £30,000 fún ilé £1,000 yẹn, tí kò bá tó tàbí tẹ́ ẹ ò tíì ní àkọsílẹ̀ ìsanwó kankan níbẹ̀, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú onídùúró tó ń gbé ní UK wá. Tẹ́lẹ̀, ohun táwọn èèyàn wa ń ṣe ni pé wọ́n á san oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ọ̀nà yẹn ti dí o. Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2026, òfin tuntun wọn ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju rẹ́ǹtì oṣù kan lọ kí ayálégbé tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀ ní Ìmọ́tà tìtorí kó lè san ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, kó dákun fi ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Òfin yẹn náà ló ní kò sí pé wọ́n ń dè yín mọ́ ọdún kan mọ́, ẹ lè kó jáde tẹ́ ẹ bá ti kọ̀wé sọ fún wọn ní oṣù méjì ṣáájú.

Yàrá ilé àjọgbé, owó tẹ́ ẹ rí ló sábà máa ń jẹ́ gbogbo ẹ̀, iná, gáàsì, íntánẹ́ẹ̀tì, council tax (owó tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń gbà lórí ilé) náà ọrùn onílé ló sábà máa ń wà. Fúláàtì ní tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo ìyẹn lọ́tọ̀ (wọ́n máa yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú council tax tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbébẹ̀), nítorí náà ẹ má fi £650 tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ wé £800 tí kò tíì ka iná. Àléébù yàrá àjọgbé ò ju pé ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ tọkọtaya, wọn ò sì fẹ́ ọmọdé rárá.

Ti ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ló yá jù, kò sí onídùúró, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n òfin tó ń dáàbò bo dípọ́síìtì ò kan ibẹ̀, tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ máa lọ, wọn ò nílò ilé ẹjọ́. Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi àdírẹ́sì yín ṣí báǹkì?" Tí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná," ẹ wá ibòmíì.

Jámánì

Níbí, owó ìwọlé wúwo jù. Dípọ́síìtì lè tó rẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta, àmọ́ Kaltmiete ni wọ́n ń fi ṣírò ẹ̀, ìyẹn rẹ́ǹtì lásán láìka owó hítà àti ìtọ́jú ilé mọ́ ọn. Warmmiete ló kó ìyẹn mọ́ ọn, iná mànàmáná sì sábà máa ń dá wà. Ilé €800 Kaltmiete lè gba €2,400 dípọ́síìtì lọ́wọ́ yín, òfin ṣá gbà kẹ́ ẹ pín in sí oṣù mẹ́ta, ẹ má tijú bèèrè. Ti ẹ̀jẹ́ǹtì, láti 2015, ẹni tó bá pè é ló ń san án.

Ohun tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún yín ni kíṣìnì. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ bá ògiri funfun, páìpù omi tí wọ́n dí lẹ́nu, wáyà kan tó ń jáde láti àjà níbi tó yẹ kí gílóòbù wà. Síǹkì ò sí, kábọ́ọ̀dù ò sí, kúkà ò sí, ẹni tó kó jáde ló tú gbogbo ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, bí ọ̀pọ̀ ilé wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá "EBK" nínú ìpolówó, ó túmọ̀ sí pé kíṣìnì wà ńbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ra ti ẹni tó ń kó lọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n á tún bèèrè Schufa, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, tí àlejò ò lè ní. Ìwé iṣẹ́ yín àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ ọ̀gá yín lẹ máa fi dípò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni Anmeldung: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba, onílé sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan fún yín. Láìsí ẹ̀, nọ́ńbà owó orí yín ò ní jáde. Onílé tó bá ní "kò sí Anmeldung níbí," bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ sá fún un.

Èmi, kí ni mo máa yàn?

Ẹni tó dá lọ sí England, kó béèrè bóyá ọsibítù tàbí ibiṣẹ́ ẹ̀ ní ilé fún òṣìṣẹ́, tí kò bá sí, kó gba ibi ìgbà díẹ̀ fún oṣù kan, kó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wo yàrá. Oníyàwó tó ní ọmọ, fúláàtì ni, kó tètè wá onídùúró. Jámánì, ilé tó ti ní àga àti bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì ní Anmeldung, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ibi yòówù kó jẹ́, onílé tó bá ní òun wà lẹ́nu ìrìn-àjò, pé òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti sanwó, olè ni.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbí, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù yín ní Ìkòròdú pé ẹ kì í jẹ rẹ́ǹtì, kó kọ déètì sí i, kó sì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ fi rìsíìtì yín ti ọdún méjì sẹ́yìn tì í. Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì kan máa ń gbà á.