EPIK tàbí hagwon: èwo ni kí ẹ mú ní Kòríà?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tàbí ti Ìlú Ọba, tí ẹ sì fẹ́ lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Kòríà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Físà E-2 tí Gúúsù Kòríà ń fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré ló wà fún. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀.

Ètò EPIK ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba: ẹ wọlé láàárọ̀, ẹ jáde nírọ̀lẹ́, ẹ kọ́ni fún wákàtí 22 lọ́sẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè yan ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ní abúlé ni, abúlé náà ni.

Hagwon, ilé-ẹ̀kọ́ àdáni tí àwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn iléèwé, ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ní Seoul, ó lè di aago mẹ́wàá alẹ́ kí iṣẹ́ tó parí. Òfin ní bí ẹ bá ṣiṣẹ́ pé ọdún kan, kí wọ́n fi owó oṣù kan lé e fún yín nígbà tí ẹ bá ń lọ. Àwọn ọ̀gá kan sì máa ń lé olùkọ́ ní oṣù kọkànlá kí wọ́n má baà san án. Ọwọ́ wọn ni físà yín wà, ẹ rántí.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ọmọ Amẹ́ríkà lè gba tirẹ̀ padà tó bá ń lọ. Ọmọ Ìlú Ọba kì í rí i gbà.

Lójú tèmi, ẹni tí kò kọ́ni rí, EPIK ni kó mú. Ẹni tó bá ní dandan Seoul ni, kó kọ́kọ́ bá olùkọ́ kan tó wà ní hagwon náà sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá má sì sí nítòsí.