Àtẹ́míà inú agolo: ó wọ́n, àmọ́ mi ò tíì rí àrọ́pò rẹ̀

Mo ń pa ẹyin ẹja àrọ̀, mo sì ń ta ọmọ rẹ̀. Àtẹ́míà, ẹ̀dá omi iyọ̀ kékeré tó jọ edé, ni mo fi ń bọ́ wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Agolo tí wọ́n dì pa ni mo ń rà, èyí tí wọ́n kó ẹyin inú rẹ̀ láti Great Salt Lake ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà. Bí dọ́là bá ti gbéra báyìí, òun náà á gbéra.

Ìdí tí mo fi ń san owó náà ni pé, nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí ọjọ́ kẹta tí ọmọ àrọ̀ jáde, oúnjẹ tó gbé wá látinú ẹyin ti ń tán, ikùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti lọ oúnjẹ gbígbẹ. Ohun tó bá ń mira lójú rẹ̀ ló ń lé mú. Àtẹ́míà ń mira.

Ẹyin rẹ̀ kúnná bí ẹlùbọ́ tí a jọ̀. Bí ó bá dáa, gíráàmù kan lè mú ọmọ tó ju 200,000 jáde. Ike omi ńlá tí mo gé ìdí rẹ̀ ni mo ń lò, mo dorí rẹ̀ kodò kí ìsàlẹ̀ lè rí ṣóńṣó. Iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 fún lítà omi kan, afẹ́fẹ́ tó ń hó láti ìdí dókè láìdúró, gílóòbù lórí rẹ̀. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí 28°C, wákàtí 24 ti tó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kíkó o jáde. Mo á pa afẹ́fẹ́, mo á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ike nísàlẹ̀. Èèpo á léfòó, ẹyin tí kò pa á rì, àwọn ọmọ á sì rọ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀, pupa rúsúrúsú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń fà wọ́n sínú asẹ́, mo á wá fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n. Má fojú kékeré wo èèpo yẹn o, kì í dà nínú ikùn, ó lè dí ìfun ọmọ ẹja. Má sì fi àkókò ṣòfò: bí wákàtí bá ti ń gorí wákàtí ni ọ̀rá ara àwọn ọmọ àtẹ́míà ń joro. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa dà á sínú omi ẹja, torí kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀, òkú rẹ̀ a sì ba omi jẹ́.

Àwọn tó ń sin ẹja òkun bíi sea bream ní Gíríìsì ní wàhálà ju tiwa lọ. Ẹnu ọmọ ẹja wọn kéré débi pé rotifer, ẹ̀dá inú omi tó tún kéré ju àtẹ́míà lọ, ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Bó bá wá kan àtẹ́míà, wọ́n á kọ́kọ́ fi DHA, irú ọ̀rá kan tí ọmọ ẹja òkun nílò, bọ́ àtẹ́míà fúnra rẹ̀, torí kò pọ̀ lára rẹ̀. Àrọ̀ kì í béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa.

Èyí tí mi ò ní rà mọ́ ni ti inú náílọ́ọ̀nù. Oníṣòwò kan ń ṣí agolo, ó ń wọ̀n ọ́n tà ní pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti rin, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló rì sísàlẹ̀ ike. Mo gbé e padà, ó ní iyọ̀ mi ni kò dáa. Iyọ̀ kan náà mà ni mo fi ń pa ti agolo!

Owó epo jẹnẹrétọ̀ kò sí lára iye tí wọ́n kọ sí agolo, bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dúró lóru, ó tán nìyẹn. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní ẹyin àtẹ́míà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ nílé. Kò nílò iyọ̀ tàbí gílóòbù, àmọ́ kì í mira, ó sì ń rì, ọmọ ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré sí i.

Bí o kì í bá pa ẹyin ẹja púpọ̀, wá ẹni tí ẹ jọ máa pín agolo lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i.