Rọ́bà tí mo fi ń jẹun láti inú ìfun: bí mo ṣe rí i

Okun o, gbogbo ilé. Ẹni tó ní gastroparesis, tí agbẹ̀du rẹ̀ kì í tètè da oúnjẹ sínú ìfun, tí oògùn ò sì ràn án mọ́, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló fa tèmi. Ó ba iṣan vagus jẹ́, èyí tó ń pàṣẹ fún agbẹ̀du pé kó lọ oúnjẹ kó sì tì í síwájú. Iyán tí mo bá jẹ lálẹ́, màá bì í láàárọ̀ bó ṣe wà.

Wọ́n fún mi ní metoclopramide, oògùn tó ń mú agbẹ̀du ti oúnjẹ síwájú. Láti 2009 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ ńlá sára rẹ̀: lílò ó kọjá ọ̀sẹ̀ 12 lè mú kí ẹnu àti ahọ́n máa mì fúnra wọn, kó má sì lọ mọ́. Oògùn kejì, erythromycin, ṣiṣẹ́ díẹ̀, agbára rẹ̀ wá tán. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Dókítà kan ní Ìlọrin wá ka ohun tó kù fún mi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi iná ta agbẹ̀du jí, Enterra, tí FDA fọwọ́ sí ní 2000 fún àwọn tí oògùn ò ràn. G-POEM náà wà: wọ́n á ki kámẹ́rà gba ẹnu wọlé, wọ́n á gé iṣan tó ń fún ibi tí agbẹ̀du ti já sínú ìfun pọ̀, kí ọ̀nà lè là. 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ lára èèyàn. Gbogbo rẹ̀ dùn létí, àmọ́ mi ò lówó rẹ̀, mo sì ń rù. Rọ́bà jejunostomy ni mo gbà. Wọ́n lu ihò sí ikùn, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ìfun kékeré, oúnjẹ ò gba agbẹ̀du kọjá mọ́.

Kò wo agbẹ̀du sàn o. Èébì dínkù, kò tán. Ẹni tó bá gbà á torí kó lè padà sídìí iyán, inú á bí i. Ṣúgà ni mo fi ń yìn ín. Tẹ́lẹ̀, màá gún insulin tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, màá jẹun, oúnjẹ á jókòó sínú agbẹ̀du, insulin á ti máa ṣiṣẹ́ láìrí oúnjẹ kankan. Òógùn á bò mí, ara á máa gbọ̀n, ojú á ṣú. Tó bá di òru, oúnjẹ á wá ya wọlé, ṣúgà á fò sókè. Ní báyìí mo mọ ìgbà tí oúnjẹ ń wọlé, dókítà sì tún insulin mi tò sí i. Ẹran ti ń padà sára mi, Ìyé mi ò sunkún mọ́ tó bá rí mi.

Àmọ́ ìfun ò ní àyè tó lè kó oúnjẹ pamọ́ sí bíi ti agbẹ̀du. Tẹ́ ẹ bá fi sírínjì tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú á lọ́, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa kán. Báàgì tí mo ń so kọ́ ògiri ni mo ń lò lóru, kò nílò iná. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe rí ní Kàbà á mọ ìdí tí mi ò fi wá ẹ̀rọ.

Oúnjẹ olómi tí wọ́n dìídì ṣe fún rọ́bà ló dáa jù, owó rẹ̀ ló ń dunni. Ògì tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ìfẹ́ sẹ́ fún mi, ṣe ló dí rọ́bà pa. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n da kóòkì sí i. Ẹ má dán an wò, ó lè mú kí oúnjẹ dì sí i. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 30 ni mo ń fi ṣan án kí oúnjẹ tó wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀, àti nígbàkigbà tí oògùn bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bèèrè oògùn olómi. Oògùn oníhóró tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná.

Tí rọ́bà bá yọ, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ihò yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láàárín wákàtí mélòó kan. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń tọ́jú owó ọkọ̀ Lọ́kọ́ja sọ́tọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ra sírínjì, ẹ sọ fún wọn pé mílílítà 60 tí ẹnu rẹ̀ gùn lẹ fẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ ò wọ rọ́bà yìí.