Linux ni mo ń lò, ṣẹ́ẹ̀sì ni mo ń ta: sọ́fíwíà wo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà yín?

Tẹ́ ẹ bá ń lo Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà yín ta ṣẹ́ẹ̀sì tàbí kẹ́ ẹ máa fi yẹ eré tẹ́ ẹ ti ta wò, ẹ̀ńjìnì, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń ronú ibi tó yẹ kéèyàn sún sí, kọ́ ni ìṣòro yín. Stockfish tí àwọn ògbóǹtarìgì ń lò lẹ̀yin náà máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, ti orí Linux ò sì gọ̀ ju ti orí Windows lọ. Ohun tó ń dá wa láàmú ni ojú tá a ó máa fi rí i: pátákó, ibi tá a ó kó eré sí, bá a ṣe máa wá eré tá a ta lọ́dún tó kọjá jáde. Ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, torí sọ́fíwíà ṣẹ́ẹ̀sì ChessBase àti Fritz tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, Windows ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Ẹ̀ńjìnì kì í ní pátákó tirẹ̀. Ńṣe ló jókòó sẹ́yìn, tó ń gba ọ̀rọ̀, tó ń dáhùn. Láti ọdún 2000 tí Stefan Meyer-Kahlen tó ṣe ẹ̀ńjìnì Shredder àti Rudolf Huber ti gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní UCI jáde, ẹ̀ńjìnì tó bá gbọ́ UCI lè bá pátákó èyíkéyìí tó gbọ́ ọ ṣiṣẹ́. Torí náà, pátákó lẹ fẹ́ yàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ẹ̀ńjìnì lọ́wọ́ yín.

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York, àwọn ọmọ tó ń wá ti ju àga tá a ní lọ. ThinkPad T420 tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀yà ọdún 2011, Core i5, RAM 4 GB. Ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró, Windows 11 ò sì fẹ́ rí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sójú, torí kò ní TPM 2.0, ohun ààbò kan inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè. Mo bá gbé Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, sí i. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágere wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè rí géèmù gidi ta lórí nǹkan yìí o. Ẹ jẹ́ n bá yín dá Windows padà.” Mo ní kó bá mi pààrọ̀ bátìrì tí mo torí ẹ̀ wá, kó fi ìyókù sílẹ̀.

GNOME Chess ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó mọ́ tónítóní, ó fúyẹ́, ẹ ó bá kọ̀ǹpútà ta á, ó parí. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ta ẹ̀ẹ̀kan kí oúnjẹ tó jinná, ó tó. XBoard ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ojú ẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn àtimáa tẹ àṣẹ síbi dúdú ló máa gbádùn ẹ̀.

PyChess ni mo gbé fáwọn ọmọ. Ohun tó mú un wù mí ni ọfà méjì tó lè yà sórí pátákó: ọ̀kan ń sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ sún sí, èkejì ń sọ ohun tí alátakò ń gbèrò. Èyí èkejì yẹn ni mo máa ń ṣí sílẹ̀, mo máa ń pa èyí àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá rí i pé ẹṣin alátakò ń bọ̀ wá halẹ̀ mọ́ rúùkù àti ọba òun lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé ọwọ́ kúrò lórí pọ́ọ̀nù tó fẹ́ sún láìjẹ́ pé mo pariwo. Ẹ sì máa dín agbára Stockfish kù o. Ó ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Skill Level, láti 0 dé 20. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 20, ọ̀ta tí kì í ṣàánú òpè ni, ọmọ ò ní fẹ́ padà wá lọ́jọ́ kejì.

Èmi fúnra mi, Scid vs. PC, sọ́fíwíà tó ń kó eré jọ, ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ó sì ti di dandan fún mi. Ẹ jẹ́ n tètè sọ àbùkù ẹ̀: kò rẹwà. Èdè kọ̀ǹpútà Tcl/Tk ni wọ́n fi kọ ojú ẹ̀, bọ́tìnnì kéékèèké, fèrèsé tó ń já lu ara wọn. Scid gangan, èyí tí wọ́n ti yọ Scid vs. PC jáde, wà nínú àpótí sọ́fíwíà Mint, ẹ kàn máa fà á wá ni. Scid vs. PC ní tirẹ̀, orí ìkànnì SourceForge ni mo ti mú un, mo sì fọwọ́ ara mi kọ́ ọ láti orí kóòdù. Kò le. Ẹni tó bá ti tẹ àṣẹ make rí lójú ayé á ṣe é.

Ohun tó ń ṣe ló mú mi gbàgbé ojú ẹ̀. Ọmọbìnrin kan láàárín wa, tó bá ń ta dúdú, fẹ́ràn àtimáa gba 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Nf6 4.Ng5 d5 5.exd5, kó wá fi ẹṣin ẹ̀ jẹ pọ́ọ̀nù yẹn padà, 5...Nxd5. Ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e: ẹṣin funfun bọ́ sórí f7, ọba dúdú bọ́ sí ìta, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, kò gbà. Mo wá ṣí fèrèsé igi eré nínú Scid vs. PC, ó kó gbogbo eré tó dé ojú ibẹ̀ jáde: ibi tí àwọn ènìyàn sún sí, iye ìgbà, ìdá tí wọ́n fi borí. 5...Na5, kí ẹṣin dúdú kejì lọ sí a5, ló wà lókè, ó jìnnà sí ìyókù. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin náà ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣà fi hàn mí ni.” Láti ọjọ́ yẹn, Na5 ló ń ta.

Igi yẹn ò wúlò bí kò bá sí eré nínú ẹ̀. Ẹ má lọ dáúnlóòdù àkójọ eré ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì Lichess o, eré oṣù kan ṣoṣo níbẹ̀ ju 20 GB lọ, dátà yín á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. The Week in Chess ni kẹ́ ẹ lọ: láti ọdún 1994 ni Mark Crowther ti ń kó eré àwọn ọ̀gá jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fáìlì PGN (irú fáìlì tí wọ́n ń kọ eré ṣẹ́ẹ̀sì sí) tó ti dì pọ̀ ni, mégábáìtì díẹ̀ sì ni. Mo máa ń fi fóònù mú un, mo á kó o sínú Scid, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni àkójọ ń wú díẹ̀díẹ̀, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Nǹkan méjì wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí Linux láàmú níbi ẹ̀ńjìnì. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá fi apt, àṣẹ tó ń gbé sọ́fíwíà sórí Mint, fa Stockfish wá, /usr/games/stockfish ló ń lọ, kì í ṣe /usr/bin, ẹ lè wá a títí tí ẹ ò ní rí i. Ìkejì: tẹ́ ẹ bá mú ẹ̀yà tuntun láti ojú-ìwé wọn, ẹ má mú èyí tí wọ́n kọ avx2 sí bí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà. Ọdún 2013 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí fi AVX2, àkójọ àṣẹ tó ń mú ìṣirò yára, sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà Core. Lórí T420 mi, ẹ̀yà avx2 ò ní ju Illegal instruction kan ṣoṣo lọ, ó ti kú. Èyí tí wọ́n kọ sse41-popcnt sí ni tiwa. Ẹ tẹ lscpu, ẹ ó rí ohun tí kọ̀ǹpútà yín ní.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi Threads (iye iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) àti Hash (RAM tó ń fi ṣe ìrántí). 1 àti 16 MB ni Stockfish máa ń bá wá. Mo fún un ní Threads méjì, Hash 256. Mo lè fún un ní mẹ́rin, ṣùgbọ́n fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí ké, bátìrì á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lójú mi. Tí iná bá ti lọ, mo máa ń dá ẹ̀ńjìnì dúró pátápátá, mo á máa fi ọwọ́ ka eré lọ. Ẹ̀ńjìnì tó ń ronú láìdáwọ́dúró lórí eré tí ẹnikẹ́ni ò wò, iná lásán ló ń jẹ.

En Croissant ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn, kí n má parọ́. Inú ẹ̀ gan-an lẹ ó ti dáúnlóòdù ẹ̀ńjìnì àti àkójọ eré, ó sì lè fa eré tẹ́ ẹ ta lórí Lichess tàbí Chess.com wọlé. Ẹni tó bá ní RAM 8 GB sókè, kó máa lọ síbẹ̀ tààrà. Lórí 4 GB tèmi, tí ibi tí mo fi ń ka íntánẹ́ẹ̀tì bá tún ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń wúwo. Lucas Chess náà wà fún Linux, alátakò tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ láti orí òpè dé orí ọ̀gá. Àgbàlagbà tó ń dá kọ́ ara ẹ̀ máa fẹ́ràn ẹ̀ ju ọmọdé lọ.

Ẹ óò gbọ́ pé Wine lè bá yín ṣí sọ́fíwíà Windows. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi gbé ọ̀kan tí mo ti rà nígbà kan rí: pátákó jáde, àwọn ohun tí wọ́n fi ń ta á ò jáde. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ni mo rí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Bóyá tiyín á dára. Èmi ò ní lo àkókò mi fún un mọ́, torí ohun tí mo ń wá níbẹ̀, Scid ti ń ṣe é fún mi láìgba kọ́bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní dátà, Lichess inú íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí Linux gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, Stockfish wà nínú ẹ̀, kò sì sí ìpolówó. Ohun tí mo fi kún Scid láìpẹ́ ni àkójọ Syzygy fún òpin eré, tó mọ àbájáde gbogbo ipò tí ohun tó kù lórí pátákó jẹ́ márùn-ún sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju bí 1 GB lọ. Ti ohun mẹ́fà ń lọ sí 150 GB, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ọgbà Yunifásítì fi fúláàṣì kó ti márùn-ún náà fún mi, mo kọ ibi tó wà sínú ààyè SyzygyPath ti Stockfish, láti ìgbà náà ni Stockfish ti ń sọ fún mi láìṣiyèméjì èyí tó jẹ́ ọ̀mì nínú eré rúùkù àti pọ́ọ̀nù.