Ọdún 6 lẹ́yìn tí mo ṣe léésà sí àgbọ̀n mi

Irun a máa hù lágbọ̀n mi bíi ti ọkùnrin. Tí mo bá fá a, èyí tó ń hù bọ̀ á ká padà wọnú awọ, ibẹ̀ á wú, á sì kún fún ọyún. Ohun tó gbé mi dé ìdí léésà, ìmọ́lẹ̀ líle tí wọ́n fi ń jó irun, nìyẹn, kì í ṣe tìtorí fáàrí.

Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Obìnrin tó di ẹ̀rọ mú wo ojú mi fìrí, ó ní kí n sùn sílẹ̀. Irú léésà tí wọ́n ń pè ní Alexandrite ni wọ́n ń lò, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó 755 nm (nm ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Èmi sì nìyí, mo dúdú dáadáa. Mẹ́lánììnì, ohun tó ń mú irun dúdú, ni ìmọ́lẹ̀ léésà máa ń wọ̀ lára. Ibẹ̀ ló ti ń di ooru tó ń jó gbòǹgbò irun. Mẹ́lánììnì yẹn náà ló kún awọ ara mi, nítorí náà awọ ló kọ́kọ́ gba ìyà irun. Mo gbóòórùn nǹkan tó ń jó, mo pariwo. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ìléròrò mẹ́rin ti yọ, róbótó bí ẹnu ẹ̀rọ náà gẹ́lẹ́. Wọ́n jinná, àmọ́ ojú àpá mẹ́ta dúdú kirikiri fún ohun tó lé lọ́dún kan kó tó ṣá. Ìkẹrin funfun ní tiẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Tí mo bá fọwọ́ pa á, ó ń dán, kò ní ihò irun kankan.

Dókítà awọ ara tí mo wá lọ bá kọ́kọ́ kẹ́dùn. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Nd:YAG ni kí wọ́n ti lò fún yín.” Irú léésà mìíràn ni, ìgbì tirẹ̀ gùn jù, 1064 nm ni, mẹ́lánììnì inú awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á, nítorí náà ó ń kọjá lọ sísàlẹ̀. Ó dán an wò lábẹ́ etí mi ná, a sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wo bó ṣe máa rí. Ó fi awò bo ojú mi, ó ń fi atẹ́gùn tútù fẹ́ awọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é. Kò sí ìléròrò kankan, ọyún sì dáwọ́ dúró.

Irun ò tán pátápátá o. Mo ṣì ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá ní kò ní hù mọ́ láéláé, irọ́ ló ń pa. Àní irun tín-ín-rín kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò yéé bi mí nípa jẹjẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ yìí ò dà bí ti X-ray tàbí ìtànṣán oòrùn tó ń ba DNA jẹ́, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n fi léésà jó àmì dúdú ara láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí jẹjẹrẹ awọ lè ti wà nídìí rẹ̀. Ẹyinjú náà ń kọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta léésà sí ìpéǹpéjú yín tàbí ibi tó sún mọ́ ẹyinjú.

Ibi àkọ́kọ́ yẹn, n kò ní padà débẹ̀. Ti dókítà, oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ.