Irinṣẹ́ tí a fi ń dán ìfúnpá rédíétọ̀ wò, àti ohun tí ó fi hàn mí lára ọkọ̀ tí ń gbóná ní ìrìn àjò jíjìn

Oṣù mẹ́rin gbáko ni ọkọ̀ mi fi ń ṣe ohun kan náà. Bí mo bá ń wà á láàárín ìgboro, abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó kì í kúrò ní àárín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ọ̀nà jíjìn, tí mo sì ti wakọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan lórí eré, abẹ́rẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó tó tutù. Mẹkáníìkì kìíní ní tẹmosítáàtì ni, ìyẹn ohun tí ń ṣí tí ó sì ń pa ọ̀nà omi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ní fáànù ni, òun náà pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ fáànù yẹn ti fu mí lára, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn tí ń fẹ́ wọ rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) láti iwájú ti tó o. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ kú ti sábà máa ń gbóná. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó dán ohunkóhun wò kí ó tó tú u.

Èyí ni ó mú mi ra irinṣẹ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ kan ni, ó ní gééjì lórí, ó ní họ́ọ̀sì kékeré, oríṣiríṣi ìdérí tí ó bá ẹnu rédíétọ̀ mu sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpótí ike. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún afẹ́fẹ́ sínú gbogbo ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá, kí ìfúnpá ibẹ̀ lè rí bí ó ti ń rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, nígbà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ṣì tutù tí ọwọ́ ẹni kò lè jó.

Ìfúnpá yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ. Kúláǹtì (ohun olómi tí a ń bù sí rédíétọ̀) tí a pò mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì a máa hó ní nǹkan bíi 106°C bí kò bá sí ohun tí ó dé e. Ìdérí tí ó di 15 PSI (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá) mú ni ó ń jẹ́ kí ó tó nǹkan bíi 129°C kí ó tó hó. Bí ìfúnpá bá ti ń sá lọ, omi á hó ṣáájú àkókò rẹ̀, oru kò sì lè gbé ooru kúrò lára irin bí omi ti ń gbé e.

Òwúrọ̀ ni mo ṣe àyẹ̀wò náà, nígbà tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Mo ṣí ìdérí, mo fi omi kún rédíétọ̀, mo de irinṣẹ́ náà mọ́ ẹnu rẹ̀, mo sì fún un dé 15, iye tí wọ́n kọ sórí ìdérí ọkọ̀ mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́rẹ́ gééjì ti sọ̀ kalẹ̀ sí 12, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ sì gbẹ táútáú. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo họ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí nǹkan kan. Abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù, tí ń ti omi kiri inú ẹ́ńjìnnì, ni mo ti wá rí i. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é dá sí i kí omi lè gbà á jáde bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti jẹ. Ẹ̀kán omi kan ń kóra jọ sí ẹnu ihò náà, ó ń tóbi, ó ń gbọ̀n, ó sì já bọ́ sára irin níbi tí ìlà funfun kan ti gbẹ mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ ìdí tí omi fi ń dín kù láìsí pé mo rí ibi tí ó tutù nílẹ̀ rí: ara irin gbígbóná ni ẹ̀kán náà ti ń gbẹ lójú ọ̀nà.

Irinṣẹ́ náà tún ní ohun tí a fi ń dán ìdérí rédíétọ̀ wò. Tèmi, tí ó yẹ kí ó di 15 mú, tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní 9. Mo pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù àti ìdérí pọ̀, mo sì tún un dán wò: abẹ́rẹ́ dúró sí 15 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìmira. Láti ìgbà náà mo ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta lórí eré láìdúró, abẹ́rẹ́ inú ọkọ̀ kò sì kúrò ní àárín.

Ohun tí ó dùn mí jù lára irinṣẹ́ yìí ni rọ́bà àwọn ìdérí rẹ̀, tí ó le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rò pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń jò, tí ó sì jẹ́ ẹnu irinṣẹ́ náà gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń sá jáde. Ìgbà tí mo fi omi ọṣẹ pa á lẹ́nu tí ó ń hó kuṣukuṣu ni mo tó mọ̀. Wọn kò sì kọ orúkọ sára àwọn ìdérí náà, nítorí náà ẹni tí ó bá rà á yóò máa wọ̀n wọ́n wò ni títí yóò fi rí èyí tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ẹ má ṣe fún un kọjá iye tí ó wà lórí ìdérí ọkọ̀ yín, nítorí pé ó lè fọ́ rédíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì tí ó ti gbó. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ tí ó gbóná láé.

Ẹni tí omi rédíétọ̀ rẹ̀ ń dín kù ni irinṣẹ́ yìí wúlò fún jù. Rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí nínú lè di ìfúnpá mú dáadáa kí ọkọ̀ sì máa gbóná síbẹ̀, nítorí náà ẹni tí omi tirẹ̀ kì í dín kù gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn bẹ̀rẹ̀. Bí ìfura bá sì wà pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì (ohun pẹlẹbẹ tí ó di àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ pa) ti jó, omi ìdánwò aláwọ̀ búlúù tí ń di yẹ́lò bí èéfín ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù bá kàn án ni yóò sọ ọ́ kedere ju gééjì lọ. Mo fún irinṣẹ́ yìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Rọ́bà yẹn ni ó jẹ ìkarùn-ún.