Loire à Vélo láti Angers dé Orléans: àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù lé kẹ̀kẹ́

Ẹ má bá odò sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn nípa Loire à Vélo, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ lé odò Loire ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Orléans, wọ́n á kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á ní ibi tí omi ń ṣàn lọ ni ọ̀nà ti máa rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti Orléans dé Angers lé ní 250 kìlómítà, síbẹ̀ ilẹ̀ ò fi 100 mítà lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kankan ò lè mọ irú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ ń mọ̀, láti ojú òkun Àtìláńtíìkì ní ìwọ̀-oòrùn ló sì sábà máa ń fẹ́ wọ àfonífojì Loire. Lórí òkìtì erùpẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n mọ sẹ́bàá odò láti fi dí àkúnya omi, kò sí igi, kò sí ilé tó máa gba afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó gbé 15 kílò sórí kárià, tó ń gun 18 kìlómítà ní wákàtí kan ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, lè máa fi agbára kan náà gun 12. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Angers, kí ẹ sì máa lọ sí òkè odò. Afẹ́fẹ́ á wà lẹ́yìn yín, àmì ọ̀nà sì wà fún ìhà méjèèjì.

Gbogbo ọ̀nà yìí tó nǹkan bíi 900 kìlómítà, láti Cuffy nítòsí Nevers títí dé Saint-Brevin-les-Pins létí òkun, ó sì wà lára EuroVelo 6, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó la ilẹ̀ Yúróòpù kọjá títí dé Òkun Dúdú. Apá àárín rẹ̀ nìkan ni mò ń gbé yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni abúlé, oko àjàrà àti ààfin àtijọ́ ti pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́fà tó o bí ẹ bá ń gun nǹkan bíi 50 kìlómítà lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú àwọn ààfin, kó sọ ọ́ di mẹ́jọ. Pátákó funfun tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kọ ni àmì ọ̀nà, nọ́ńbà 6 EuroVelo sì wà lára rẹ̀ nínú búlúù. Àárín ìlú ńlá ni èèyàn ti ń ṣìnà, àti ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì tí àwọn méjèèjì sì ní àmì. Ẹ ti gba fáìlì GPX, ìyẹn àwòrán ọ̀nà tí fóònù lè tẹ̀ lé, sórí fóònù kí ẹ tó gbéra.

Ojú ọ̀nà ló ń pinnu irú táyà tí ẹ máa lò, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé ìpolówó kì í sọ tó. Apá kan jẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà kékeré tí mọ́tò díẹ̀ ń gbà, apá kan jẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà tí kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ní, apá tó kù jẹ́ òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ, ó dùn ún gùn. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí méjì, òkúta náà á di ẹrẹ̀ funfun bí ẹfun tí wọ́n pò, á sì ta sára ṣéènì àti bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń di etí irin táyà mú ló ń jìyà jù: ìyanrìn á há sáàárín rọ́bà àti irin, á máa ha irin náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ da ìgò omi méjì sí i, ẹ fi àkísà nu ṣéènì, kí ẹ wá kán òróró sójú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré, kí ẹ sì nu èyí tó bá kù lára rẹ̀ kúrò. Bí òróró bá pọ̀ jù, eruku ọjọ́ kejì á lẹ̀ mọ́ ọn.

Táyà 35 sí 40 mìlímítà ni mo fọwọ́ sí. Èyí tó jẹ́ 28 ń rì nínú òkúta tútù, bí ẹ bá sì gbé ẹrù, á máa fì yín síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ gbé túùbù méjì dání, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀gún ló ń dá táyà lu jù, pàápàá nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá fi ẹ̀rọ gé ọgbà ẹ̀gún tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá pààrọ̀ túùbù láì fi ìka wá inú táyà yíká, á tún dúró kí ó tó gun kìlómítà méjì, torí ẹ̀gún ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí àwọn irin ìdènà mọ́tò ní ẹnu ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Àlàfo inú wọn máa ń há mọ́ àpò ẹ̀gbẹ́ méjì tó kún, ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn.

Láti Angers, ọ̀nà gba àdúgbò òkúta síléètì ní Trélazé, lẹ́yìn náà ó gun òkìtì odò lọ sí Saint-Mathurin. Ibí yìí tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lè súni díẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọdá sí Gennes ni nǹkan yí padà: ìhà gúúsù odò ní òkè, ó sì ní ilé ìjọsìn àtijọ́ Cunault tó yẹ kí èèyàn sọ̀ sí.

Saumur sí Candes-Saint-Martin ni ibi tó dára jù lọ ní gbogbo ọ̀nà yìí, òun náà ló sì le jù. Òkúta funfun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní tuffeau ni wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ láti fi kọ́ ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì, ihò tó kù ni àwọn èèyàn sọ di ilé, ibi ìpamọ́ wáìnì àti ibi tí wọ́n ti ń gbin olú. Ní Souzay-Champigny, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ àpáta. Ẹ tan iná kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, torí láti inú oòrùn ọ̀sán bọ́ sí òkùnkùn, ojú kì í tètè ríran. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkè inú oko àjàrà tó lọ sí Turquant àti Montsoreau. Wọn ò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ga. Kẹ̀kẹ́ tí jíà ẹ̀yìn rẹ̀ tó tóbi jù ò ní eyín 32 ó kéré tán, ẹ máa tì í ni. Ní Candes, níbi tí odò Vienne ti wọ Loire, ẹ yà sí Fontevraud: kìlómítà bíi mẹ́rin sí i, òkè náà ni, ṣùgbọ́n ibojì Ọba Richard Ọlọ́kàn-Kìnnìún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìyá rẹ̀ Eleanor wà nínú ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

Láti Ussé dé Bréhémont àti Villandry, ọ̀nà sún mọ́ omi gan-an, mọ́tò ò pọ̀. Ẹ má wọ inú odò lọ wẹ̀ o. Loire dà bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n ìyanrìn abẹ́ rẹ̀ ń ṣí nípò, omi sì ń fà lábẹ́. Lẹ́yìn Villandry, odò Cher ni ẹ máa bá dé Tours, kì í ṣe Loire. Ní Tours àti Orléans, irin tíráàmù wà nílẹ̀: ẹ fi kẹ̀kẹ́ dábùú rẹ̀ pátápátá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ táyà á há síbẹ̀.

Tours sí Amboise kò ní wàhálà. Amboise sí Blois ní òkè díẹ̀ nítòsí Chaumont. Lẹ́yìn Blois, ẹ yà sí ààfin Chambord láti Saint-Dyé; ọgbà rẹ̀ tóbi débi pé ògiri tó yí i ká jẹ́ 32 kìlómítà. Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù bó bá jẹ́ oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Beaugency dùn ún sùn ju Blois lọ lójú tèmi: ó kéré, ó sì dákẹ́.

Oúnjẹ ń fẹ́ ètò. Ní abúlé, ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, ọ̀sán Sunday àti ọjọ́ Monday sì ni ebi ti ń mú àlejò jù. Ẹ ra búrẹ́dì ọjọ́ Monday sílẹ̀ láàárọ̀ Sunday. Ẹ wá wàràkàṣì ewúrẹ́ Sainte-Maure, èyí tí koríko gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe débi pé kò nílò nǹkan míì ju búrẹ́dì lọ. Ẹ̀rọ omi máa ń wà ní ìtẹ́ òkú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ “non potable” sí i, ẹ má mu ún. Fún orun, ẹ wá ilé tó ní àmì Accueil Vélo: wọ́n gbọ́dọ̀ ní ibi tí kẹ̀kẹ́ lè wà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, àti irinṣẹ́ àtúnṣe.

Nínú òfin: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé akoto, iná àti aago kẹ̀kẹ́ jẹ́ dandan, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń tàn bí ẹ bá gùn lóru lẹ́yìn òde ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Britain tí ẹ ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà Schengen ṣì jẹ́ dandan fún yín. Àṣẹ ìgbélùú Britain kò gbà á dípò.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ààmì tó sọnù jẹ́ ti ẹrẹ̀ funfun náà àti ti irin ìdènà. Ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án, ni kí ẹ lọ: ní ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé odò lè kún bo àwọn ibi tó rẹlẹ̀, wọn á sì darí yín sọ́nà mọ́tò. Bí ẹ bá dé Orléans, ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris Austerlitz gba nǹkan bíi wákàtí kan, púpọ̀ nínú wọn sì ń dúró ní Les Aubrais ní àríwá ìlú dípò àárín ìlú. Ẹ wo èyí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀.